Ọjọ́ Tí Ẹ Bá Gba Owó Ọkọ̀: Ohun Tó Yí Padà Fún Awakọ̀ Èrò

Àbúrò mi kan ra Sienna tòkunbọ̀ lẹ́yìn tó ti fi ọdún mẹ́ta tọ́jú owó. Ọkọ̀ náà dúró dáadáa. Ó ní òun fẹ́ máa fi kó èrò láti Gáréèjì Ọ̀fà ní Ìlọrin lọ sí Òmù-Àrán, pé òun mọ ọkọ̀ wà, òun ní lásẹ́ńsì, pátíkúlà òun pé, kí ló tún kù? Mo ní kó mú lásẹ́ńsì náà wá kí n rí i. Lẹ́tà B ló wà lára rẹ̀. Mo yí lọ sẹ́yìn ọkọ̀ lọ wo nọ́mbà: àwọ̀ búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo bèèrè ìwé ìnṣọ́ránsì. Ó fa á yọ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ti ara ẹni ni. Mo wá sọ fún un pé nínú nǹkan mẹ́ta tí mo wò yìí, kò sí èyí tó gbà á láyè láti gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ èrò.

Ó rò pé mò ń bá òun ṣeré.

N kò bá a wí. Púpọ̀ nínú àwa tí a wakọ̀ èrò nílùú yìí, ẹ̀yìn ọ̀gá la ti kọ́ ọ. A kọ́kọ́ ṣe kọ̀ǹdọ́, a fọ ọkọ̀, a pààrọ̀ táyà, títí ọ̀gá fi jù wá sídìí sítíárín ní ìdájí ọjọ́ kan. Èmi fúnra mi wa taksí fún ọdún mẹ́fà láàárín Táńkè àti Post Office kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi pé lẹ́tà ara lásẹ́ńsì ní ìtumọ̀. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa òfin nígbà náà ni pé Ródù Séfítì lè dá ni dúró, àti pé ó dáa kí èèyàn ní ṣéńjì lápò.

Ohun tó ń dojú rú fún wa kò pọ̀. Ẹni kan náà, ọkọ̀ kan náà, ojú ọ̀nà kan náà: bí ẹ bá gbé ìyàwó yín lọ kí àwọn àna yín ní Ìgbájà, òfin kan ló dè yín. Bí ẹ bá gbé àlejò lójú ọ̀nà kan náà, tí ẹ sì gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, òfin mìíràn ti bọ̀ yín lọ́rùn, ó sì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lásẹ́ńsì yàtọ̀, nọ́mbà yàtọ̀, ìnṣọ́ránsì yàtọ̀, eré tí ẹ lè sá pàápàá yàtọ̀.

Lẹ́tà tó wà lára lásẹ́ńsì

Ọ̀pọ̀ ló rò pé lẹ́tà B dára ju C lọ, bíi ti èsì ìdánwò ilé ẹ̀kọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. A jẹ́ ti ọ̀kadà. B jẹ́ ti ọkọ̀ tí ìwúwo rẹ̀ kò tó tọ́ọ̀nù 3, ṣùgbọ́n wọ́n yọ taksí àti bọ́ọ̀sì èrò kúrò nínú rẹ̀ tààrà. C náà jẹ́ ti ọkọ̀ tí kò tó tọ́ọ̀nù 3, àmọ́ wọn kò yọ taksí kúrò níbẹ̀. Òun ni ẹni tó fẹ́ fi Micra tàbí Sienna kó èrò yẹ kó gbà. Ìyàtọ̀ kan náà ló wà láàárín D àti E fún ọkọ̀ tó wúwo jù bẹ́ẹ̀: D kò gba bọ́ọ̀sì èrò, E gbà á. G ni ti tírélà. Ẹ rántí pé ìwúwo tí wọ́n ń sọ, tọkọ̀ tẹrù tèrò ni, kì í ṣe òfìfo ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì elérò 18 tó kún dénú lè kọjá tọ́ọ̀nù 3, torí náà E ló bá a mu.

Ti nọ́mbà kò gùn. Búlúù ni lẹ́tà ọkọ̀ ti ara ẹni, pupa ni ti ọkọ̀ èrò, àwọ̀ ewé ni ti ìjọba. Ẹni tí nọ́mbà rẹ̀ jẹ́ búlúù tó ń kó èrò, kábúkábú ni, bó ti wù kí ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ tó.

Ibi tó ń dun àwọn èèyàn jù ni ìnṣọ́ránsì. Orúkọ tí wọ́n fún un, ìnṣọ́ránsì ẹni kẹta, kì í yé wa. Ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lẹni kejì, ẹni tí ọkọ̀ yín bá ṣe léṣe tàbí tí ẹ ba nǹkan rẹ̀ jẹ́ lẹni kẹta. Òun ni wọ́n ṣe é fún. Kò ní tún ọkọ̀ tiyín ṣe. Láti oṣù kìn-ín-ní 2023, 15,000 náírà ni wọ́n ń gbà lọ́dún lórí ọkọ̀ ti ara ẹni, wọ́n sì lè san tó mílíọ̀nù 3 náírà lórí dúkìá tí ẹ bá bàjẹ́. Nítorí pé owó rẹ̀ kéré sí ti ọkọ̀ èrò ni ọ̀pọ̀ tó ń kó èrò ṣe ń lọ gba ti ara ẹni. Wọ́n gbàgbé pé ó wà nínú ìwé náà, ní lẹ́tà wínníwínní, pé kò ṣiṣẹ́ fún ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbowó.

Aládùúgbò wa kan ló kó sínú èyí. Ó ń fi ọkọ̀ onínọ́ńbà búlúù ná ọ̀nà Ọ̀fà. Bírèkì já a kulẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì lọ forí sọ ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rán èèyàn wá ṣe ìwádìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi àwọn èrò: ṣé ẹ sanwó ọkọ̀? Wọ́n ní àwọn san. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Ó ta ọkọ̀ náà bó ṣe rí, ó fi san owó ọsibítù, kò sì ká a.

Eré sísá

Ìwé ìlànà ìrìnnà orílẹ̀-èdè tó jáde ní 2012 pín eré sí ọ̀nà mẹ́ta: inú ìlú, òpópónà lásán, àti òpópónà oníhà méjì tí nǹkan là láàárín. Fún ọkọ̀ ti ara ẹni, ó jẹ́ kìlómítà 50 ní wákàtí kan nínú ìlú, 80 ní òpópónà, 100 níbi tí ọ̀nà bá ti là sí méjì. Fún taksí àti bọ́ọ̀sì, 50, 80 àti 90 ni. Tírélà àti ọkọ̀ agbépo kò gbọ́dọ̀ kọjá 45, 50 àti 60. Nítorí náà, bí jíìpù kan bá ń sá 100 lójú ọ̀nà Ìlọrin sí Ògbómọ̀ṣọ́ níbi tó ti là sí méjì, kò rú òfin. Bí ẹ̀yin tí ẹ kó èrò bá tẹ̀ lé e ní 100, ẹ ti rú u. Láti Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Òmù-Àrán, níbi tí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ ti jọ ń pín ọ̀dà kan, 80 ni tiwa, òun náà ni ti jíìpù.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń há a mọ́ ẹlẹ́rò? Ẹ jẹ́ ká fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ní eré 80, ọkọ̀ ń gé mítà 22 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú rí ewúrẹ́, ọpọlọ gbà á gbọ́, ẹsẹ̀ gbéra lọ sórí bírèkì: ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ ti lọ. Ẹ ti rin mítà 33, bírèkì kò sì tíì mú nǹkan kan. Láti ìgbà tó bá mú títí ọkọ̀ yóò fi dúró, ẹ fi mítà 35 mìíràn kún un, ìyẹn lórí ọ̀dà gbígbẹ pẹ̀lú táyà tó dáa. Ó di nǹkan bí 70 mítà. Ní 120 ńkọ́? 50 mítà ti lọ kí bírèkì tó mú, 80 mítà lẹ́yìn ìyẹn. Odindi pápá bọ́ọ̀lù, ó tún ṣẹ́kù. Eré lọ sókè pẹ̀lú ìdajì, àmọ́ agbára tí bírèkì ní láti pa ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹ wá kó èrò méje àti àpò gàrí márùn-ún sínú rẹ̀, kí òjò rọ̀, kí ẹ wá sọ fún mi pé ẹ mọ bírèkì yín.

Wọ́n á ní délífà ni. Délífà, owó tí awakọ̀ ń jẹ́ fún olówó ọkọ̀, kò ní jẹ́ kéèyàn rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo san délífà rí, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ náà: lórí ọ̀nà kìlómítà 60, ẹni tó sá 120 láìdúró yóò dé ní ìṣẹ́jú 30. Ẹni tó sá 80 yóò dé ní ìṣẹ́jú 45. Ìṣẹ́jú 15 lèrè rẹ̀. Bí ẹ bá dé gáréèjì Òmù-Àrán, ẹ ó lo ju wákàtí kan lọ lórí ìlà kó tó kàn yín láti gbé èrò padà. Orí ìlà náà ni ìṣẹ́jú 15 yẹn ń lọ kú sí.

Ti inú ìlú, mi ò fẹ́ sọ púpọ̀. Àwọn tó ń ki Ìlọrin máa ń wí pé ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Ẹni bá dúró ní Post Office nírọ̀lẹ́ tí kòròpe ń wọ́ bọ̀ lápá òsì, tí kẹ̀kẹ́ ń yọ lápá ọ̀tún, yóò rò pé ọkọ̀ ni wọ́n ń wí, tobìnrin tọkùnrin ló sì ń sá fún un.

Ẹ̀rọ adíwọ̀n-eré ńkọ́, èyí tí Ródù Séfítì bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọlọ́kọ̀ èrò lé lórí láti oṣù kejì 2017? Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó má jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá eré tí wọ́n fi dè é lọ. Kò mọ Gánmọ̀ yàtọ̀ sí aginjù. Bí wọ́n bá dè é sí 90, yóò jẹ́ kí ẹ sá 90 gba àárín ọjà kọjá. Kì í tẹ bírèkì fún ẹnikẹ́ni. Àwọn kan máa ń sanwó fún rewáyà kó já a, wọ́n sì tún ń fi wáyà rẹ̀ tó rọ̀ han ẹ̀ṣọ́ pé ó wà níbẹ̀.

Ẹni méjì níwájú

Èyí ni mo mọ̀ pé wọn yóò torí ẹ̀ bú mi. Taksí Ìlọrin ń gbé ẹni méjì síwájú, ẹni mẹ́rin sẹ́yìn, a sì ti ń ṣe é pẹ́ tó fi dà bíi pé bí wọ́n ṣe ṣe ọkọ̀ náà nìyẹn. Ọkọ̀ elérò mẹ́rin pẹ̀lú awakọ̀ di elérò mẹ́fà. Ìlànà rẹ̀ kò le: iye bẹ́líìtì tó wà nínú ọkọ̀ ni iye èèyàn tó yẹ kó wà níbẹ̀. Bẹ́líìtì kan kò gba ẹni méjì. Bí ẹ bá so ó mọ́ ẹni méjì pọ̀, bí ọkọ̀ bá gbá nǹkan, ara ọ̀kan ni yóò fọ́ ti èkejì. Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà, tí orúnkún rẹ̀ ń kan ọwọ́ yín nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ yí i, òun náà ni ìdí tí ẹ kò fi tètè yí i lọ́jọ́ tó yẹ.

Ọmọ tí ìyá gbé lé ẹsẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ kìlò 10, bí ọkọ̀ tó ń sá 50 bá dúró lójijì, yóò fò síwájú pẹ̀lú agbára tí apá ìyá kankan kò lè dì mú. Ẹ jẹ́ kí ìyá àti ọmọ jókòó sẹ́yìn, kí ìyá de bẹ́líìtì tirẹ̀, kí ọmọ ní àyè tirẹ̀ níbi tó bá ṣeé ṣe. Mo mọ̀ pé wọn kì í fẹ́ sanwó ọmọ. Ẹ̀yin náà kì í fẹ́ pàdánù ìjókòó. Ibi tí ẹ bá ti fi ẹnu kò, kó má jẹ́ iwájú ọkọ̀.

Táyà

Bí mo bá ní agbára láti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí gbogbo awakọ̀ lórí, ọ̀rọ̀ táyà ni ǹ bá fi síbẹ̀. Lára táyà, lẹ́yìn àwọn lẹ́tà DOT, ẹ ó rí nọ́mbà mẹ́rin tí wọ́n fi ìlà yíká. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ọdún 4 láti ọjọ́ yẹn ni àjọ tó ń rí sí òṣùwọ̀n ọjà, SON, àti Ródù Séfítì fi gba táyà láyè nílẹ̀ wa. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ló kà, ọjọ́ tí ẹ rà á kò kan ẹnikẹ́ni. Táyà tòkunbọ̀ tí eyín rẹ̀ ṣì ga, tí ó ń dán, lè ti pé ọdún mẹ́sàn-án kó tó wọ Nàìjíríà. Rọ́bà ń gbó nínú bí eyín rẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ. Ti eyín náà, bí ó bá ti wọ 1.6 mílímítà, ó ti parí.

Kí ló ń mú táyà bẹ́? Ooru ni, àmọ́ ooru oòrùn kọ́ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó máa ń tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń tẹ̀, ó ń nà, ìgbà àìmọye láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìtẹ̀ àti ìnà yẹn ló ń gbóná, tí yóò fi jó rọ́bà já nínú. Ẹ wá kó ẹrù lé e. Ohun tí àwọn kan ń ṣe ni pé, bí wọ́n bá fọwọ́ kan táyà ní ọ̀sán tó gbóná, wọ́n á ní afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù, wọ́n á sì yọ díẹ̀. Aburú ni wọ́n ń ṣe fúnra wọn. Afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń wú, yóò sì padà sílẹ̀ bó bá tutù, ìgbà yẹn ni táyà yóò wá rọ̀ jù. Òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí ẹ wọ̀n ọ́n lọ́dọ̀ fókánáísà. Iye tó yẹ wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ láti ilé iṣẹ́.

Bí ó bá wá bẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ má tẹ bírèkì. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ yóò fẹ́ lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárín mú kó dúró ní ọ̀gangan, ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò níbi tí ẹ fi ń fún un léré, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tó bá ti rọ̀ dáadáa ni kí ẹ tó yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹni tó tẹ bírèkì lójijì ni ọkọ̀ ń yí dànù.

Oorun, páràgà, àti òru

Oorun kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Obì, kọfí, omi tútù sójú, wíńdò ṣíṣí: gbogbo wọn ń sún un síwájú ni. Lẹ́yìn wákàtí 4 lórí sítíárín, ẹ dúró, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ rìn. Bí ẹ bá ti rí i pé ẹ kò rántí abúlé tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ẹ ti sùn lójú ṣíṣí nìyẹn. Oorun ogún ìṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí èèyàn wà ni oògùn rẹ̀.

Nílùú tiwa, oṣù ààwẹ̀ ló yẹ ká sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní pàtàkì. Ẹni tó jí jẹ sààrì, tó kírun, tó sì jókòó sídìí ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sùn tó. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ọkọ̀ ń sáré kí wọ́n lè bá ìṣínu nílé. Àkókò méjèèjì yìí ni mo máa ń bẹ̀rù jù lọ́dún. Ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ fún arìnrìn-àjò láyè láti jẹun, kó san án padà lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ bi Ààfáà yín bó ṣe kan ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni ìrìn-àjò.

Páràgà ní gáréèjì, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Wọ́n á ní agbo ẹ̀yìn ríro ni. Ọtí ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Ó ń sọ ojú di aláìmọ̀wọ̀n: ọkọ̀ tó wà nítòsí yóò dà bíi pé ó ṣì jìnnà. Àwọn hóró oògùn tí wọ́n ń lò kí ara má baà ro wọ́n burú jù ú lọ, torí pé ẹni tó lò ó kò ní mọ̀ pé ó ti rẹ òun.

Òru ní ìṣírò tirẹ̀. Iná ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kì í sábà mọ́lẹ̀ ju mítà 40 sí 60 lọ. A ti sọ pé ní eré 80 ẹ nílò 70 mítà kí ẹ tó dúró. Ẹ fi ojú inú wo típà tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà Bódè Sáàdú láìní iná, tí wọ́n fi ewé igi ṣe àmì sẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá fi máa rí i, ó ti pẹ́.

Owó ìtanràn àti àmì

A máa ń rò pé bí a bá ti san owó, ọ̀rọ̀ ti tán. Bẹ́ẹ̀, nǹkan méjì ló wà nínú tábìlì ìtanràn Ródù Séfítì: owó, àti àmì tó ń lẹ̀ mọ́ lásẹ́ńsì. Fóònù lójú ọ̀nà jẹ́ 4,000 náírà àti àmì 4. Àìde bẹ́líìtì, 2,000 àti àmì 2. Eré àsájù, 3,000 àti àmì 3. Àkójù èrò, 10,000 àti àmì 10. Ìwàkuwà tó léwu, 50,000 àti àmì 10. Àmì 10 sí 14 ń mú ìkìlọ̀ wá, 15 sí 20 ń jẹ́ kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé lásẹ́ńsì fún ìgbà kan, 21 sókè ni wọ́n ń gbà á pátápátá. Ẹ ṣe ìṣirò ẹni méjì níwájú yẹn: àmì 10 nìyẹn, fóònù 4, bẹ́líìtì 2. Ìrìn-àjò kan ṣoṣo ti gbé yín wọ 16.

Owó ìtanràn kì í bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ kankan. Ìwé ni wọn yóò kọ fún yín, báǹkì tàbí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó ti san án. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ wà nínú tábìlì náà, tòun tàmì 10.

Ta lẹ̀bi?

Awakọ̀ ló máa ń wà ní àtìmọ́lé, àmọ́ òun nìkan kọ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Olówó ọkọ̀ tó mọ̀ pé bírèkì ti jẹ, tó ní kí ẹ fi ṣe délífà ọjọ́ Àìkú ná, ó wà nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ tó ní ọkọ̀ márùn-ún sókè wà lábẹ́ ètò kan tí Ródù Séfítì gbé kalẹ̀ pé kí wọ́n ní ẹni tó ń bójú tó ààbò ọkọ̀ àti awakọ̀ wọn. Gáréèjì ló sì yẹ kó kọ orúkọ èrò sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́mbà ìbátan wọn kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ wà ní gáréèjì: èyí tó bá wà nínú ọkọ̀ nìkan lè jóná pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn èrò máa ń bínú bí a bá ní kí wọ́n kọ nọ́mbà ìyàwó, wọ́n á ní ṣé a fẹ́ kú ni.

Èrò náà lẹ́nu. Bí ìyá kan bá sọ látẹ̀yìn pé, “Dírẹ́bà, ẹ rọra o, a ò lé nǹkan,” ẹ má dá a lóhùn pé kó sọ̀ kalẹ̀. Ó ti sanwó ìrọra yẹn.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ dúró. Bí ẹ bá bẹ̀rù pé èrò ìgboro yóò lu yín, àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ jù ni kí ẹ gbà lọ tààrà. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ gbé C-caution lọ jìnnà sẹ́yìn, tó nǹkan bí 70 ẹsẹ̀ ìrìn, kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí àyè dúró. Ẹ pe 122, òun ni ti Ródù Séfítì, tàbí 112. Ẹni tó bá ní ọrùn ń ro òun, ẹ má fi apá fà á jáde àyàfi tí iná bá fẹ́ gbà. Ẹ má fún un lómi. Ẹ sì mọ ọsibítù tó wà lójú ọ̀nà yín kí ọjọ́ náà tó dé: Jẹ́nẹ́rà Ọ̀fà, Jẹ́nẹ́rà Òmù-Àrán, ti Yunifásítì Ìlọrin. Òfin ìlera tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2014 sọ pé ọsibítù kankan kò gbọ́dọ̀ lé ẹni tó wà nínú pàjáwìrì padà, yálà owó wà nílẹ̀ tàbí kò sí. Bí wọ́n bá bèèrè ìwé ọlọ́pàá lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ rán wọn létí.

Àbúrò mi ti lọ ń bá àwọn fíó, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, sọ̀rọ̀ lẹ́tà C báyìí, ó sì ti sanwó nọ́mbà pupa. Ó pè mí lálẹ́ àná. Ó ní òun ti yẹ táyà wò, kò sí nọ́mbà mẹ́rin kankan lára rẹ̀. Mo ní kó wo apá inú, pé ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ sí. Mo gbọ́ tó ń rá wọ abẹ́ ọkọ̀ tòun ti tọ́ọ̀ṣì fóònù.

“0814,” ló wí.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, èló ni wọ́n ń ta táyà báyìí?”